Ọ̀nà Tó Ń Sọ Apá Di Ẹ̀ṣẹ́: Billy Kelly ará Derry àti Etí Òkun Ìlàjẹ

Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó sọ pé òkun ló ń bí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. Bukom ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, àdúgbò àwọn apẹja Gã ní etí òkun Accra, tí ó ti bí akànṣẹ́ lẹ́yìn akànṣẹ́ fún Gánà. Wọ́n á ní ọmọ tó bá ti ń fa àwọ̀n láti kékeré, èjìká rẹ̀ á le, ọwọ́ rẹ̀ á wúwo, kò sì ní í mọ ìbẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì jọ òótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń dúró dè é ní ìlà oòrùn. Òkun tó ń gbá Bukom náà ló ń gbá Aráròmí, Ayétòrò, Ugbónlá àti Awoyè, àwọn ìlú Ìlàjẹ ní etí òkun ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ará Ìlàjẹ ń fa àwọ̀n bí àwọn Gã ṣe ń fà á, wọ́n sì ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ nínú ìgbì tí kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Bó bá jẹ́ apá ni gbogbo rẹ̀, ó yẹ kí orúkọ Ìlàjẹ máa dún nínú ìtàn ẹ̀ṣẹ́ bíi ti Bukom. Kò dún bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé apá kò ṣọ̀wọ́n níbi kankan tí ènìyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ agbára. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ọ̀nà tí apá ń gbà di ẹ̀ṣẹ́: èbúté tí ọkọ̀ ńlá ń gúnlẹ̀ sí, jíìmù, gbọ̀ngàn tí èrò ń sanwó wọ̀, àti òfin tó ń sọ ẹni tó lè du bẹ́líìtì. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kedere, kí ó wo iṣẹ́ ọkùnrin Írẹ́lándì kan tó jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti gba bẹ́líìtì, ọwọ́ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà ló sì pàdánù rẹ̀ sí.

Ọkùnrin náà ni Billy Kelly, ẹni tí wọ́n ń pè ní Spider, orúkọ ìnagijẹ tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọdún 1932 ni wọ́n bí i ní Derry, ìlú èbúté ní àríwá Írẹ́lándì, níbi tí àwọn obìnrin ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ní ilé iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò sì ríṣẹ́ ṣe. Jim Kelly, bàbá rẹ̀, ti gba bẹ́líìtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ẹ́ńpáyà, èyí tí àwọn ọmọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń dù, ní ìwọ̀n featherweight, ìwọ̀n àwọn tí kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi kílò 57 lọ, nígbà tó borí Benny Caplan ní Belfast ní November 1938. Kò pé ọdún kan tó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ti bàbá, ní 2 October 1954, ọmọ wọ inú King's Hall, gbọ̀ngàn ńlá kan náà ní Belfast, láti bá Roy Ankrah jà. Ọmọ Accra ni Ankrah, òun ló sì di bẹ́líìtì Ẹ́ńpáyà mú láti 1951, nígbà tó gbà á lọ́wọ́ Ronnie Clayton ní London. Ráùndì 15 ni Kelly fi bá a jà kó tó gba bẹ́líìtì náà nípa àmì. Ní January 1955, ó borí Sammy McCarthy, ó sì gba ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn. Ohun tí bàbá ti ní rí ti wá pé sọ́wọ́ ọmọ. Kelly kì í ṣe alágbára ọwọ́. Ẹsẹ̀ àti ojú ló fi ń jà, ọwọ́ òsì rẹ̀ a sì máa na ẹni jìnnà kí ẹ̀ṣẹ́ ẹni náà tó débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èyí ti fún àlàyé àwọ̀n fífà ní wàhálà, nítorí ẹni tó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ ọmọ etí òkun Accra kò fi èjìká gbà á.

Kò jẹ adùn rẹ̀ pẹ́. Ní May 1955, ó bá Ray Famechon ará Faransé du bẹ́líìtì Yúróòpù ní Dublin, wọ́n sì fún Famechon, ìdájọ́ tí ọ̀pọ̀ ará Írẹ́lándì kò gbà. Ní 19 November ọdún náà, ní King's Hall, Hogan Bassey ọmọ Kàlàbá nà án bolẹ̀ ní ráùndì kẹjọ, ó sì gba ti Ẹ́ńpáyà. Ní February 1956, Charlie Hill ará Scotland gba ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa àmì ní gbọ̀ngàn kan náà, inú sì bí èrò tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju àga. Kelly ṣì jà fún ọdún bíi mélòó kan sí i, ṣùgbọ́n orí òkè náà, láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún péré ló gùn ún tó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ojú sí i pé nínú àwọn ìjà ńlá wọ̀nyí, ti Famechon nìkan ló jà lẹ́yìn òde Belfast, Dublin náà kò sì kúrò ní Írẹ́lándì. Ilé ni wọ́n ń wá bá a sí. Ankrah ló wọkọ̀ wá, Bassey ló wọkọ̀ wá. Èrò tó kún King's Hall, tí owó wọn jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti pe ẹlòmíràn wá, ni apá àkọ́kọ́ nínú ọ̀nà tí mò ń sọ.

Ẹnìkan lè sọ pé mò ń fi ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn bo ohun tó hàn gbangba mọ́lẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ni, pé ẹkùn ló bí ọmọ tó jọ ọ́. Àtakò náà lágbára, nítorí bàbá àti ọmọ tí wọ́n gba bẹ́líìtì kan náà ní ìwọ̀n kan náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n kí ni Jim Kelly fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ gan-an? Ó fi jíìmù sílẹ̀ tí ọmọ náà ti mọ̀ kó tó mọ ìwé dáadáa. Ó fi ìmọ̀ sílẹ̀, bí ẹsẹ̀ ṣe ń yí àti bí orí ṣe ń yẹ̀. Ó tún fi orúkọ sílẹ̀, orúkọ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Derry àti Belfast kí ọmọ tó ju ẹ̀ṣẹ́ kan. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fi owú sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rí tó tún lágbára jù ni Bassey fúnra rẹ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n bí òun àti Kelly. Kò ní bàbá tó gba bẹ́líìtì rí, kò sì bá orúkọ kankan nílẹ̀ tí yóò ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń jà, kò yẹ kó rí ráùndì kẹjọ náà, ká má tíì sọ pé kó parí ìjà níbẹ̀.

Ọ̀nà tí Bassey gbà dé King's Hall ṣeé tọ̀ ní ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Láti Kàlàbá ó wá sí Èkó nígbà èwe, ó bá ẹ̀ṣẹ́ kíkàn níbẹ̀, nítorí pé Èkó ni ìjọba wà, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò òyìnbó wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣètò ìjà tí èrò ń sanwó wò. Láti Èkó ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Liverpool ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ọkọ̀ Elder Dempster ló ń ná ọ̀nà náà nígbà yẹn, ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà, epo pupa, kòkó àti ènìyàn, ìrìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Liverpool, Peter Banasko ló gbà á sọ́wọ́. Ọmọ Liverpool ni Banasko, bàbá rẹ̀ wá láti Gold Coast, tó di Gánà lónìí, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ akànṣẹ́ tí ojú ń wò nígbà tó wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń darí ẹ̀ṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òfin kan títí di 1948 pé ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kì í bá ṣe aláwọ̀ funfun kò lè du bẹ́líìtì ilẹ̀ náà. Banasko rí i pé ògiri ló wà níwájú òun, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó di mánéjà fún àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté. Ọlá tí wọ́n fún ọkùnrin yìí nínú ìtàn Nàìjíríà kò tíì tó rárá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni George Biddles di mánéjà Bassey, ní 24 June 1957 sì ni Bassey lu Cherif Hamia ní Paris ní ráùndì kẹwàá, tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé. Ẹ fa ọ̀kan yọ nínú ìwọ̀nyí, Èkó tàbí ọkọ̀ tàbí Banasko, apá Bassey á ṣì wà lára rẹ̀ ní Kàlàbá, a kò sì ní í gbọ́ ọ.

Irú òfin tó dí Banasko lọ́nà yìí ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ apá máa ń fò dá, bẹ́ẹ̀ ó ti kọ ìtàn Írẹ́lándì àti Áfíríkà pọ̀ ṣáájú Kelly. Ní September 1922, Battling Siki, ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàlì, na Georges Carpentier bolẹ̀ ní Paris, ó sì di aṣíwájú àgbáyé ní ìwọ̀n light heavyweight. Wọ́n fẹ́ kó wá jà ní London. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dí i lọ́nà, wọn kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú àti funfun jà níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Dublin, olú-ìlú ìjọba tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbà á. Ní 17 March 1923, ọjọ́ àjọ̀dún Patrick Mímọ́, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà nílùú, Siki bá Mike McTigue ọmọ agbègbè Clare jà fún ráùndì 20 ní gbọ̀ngàn La Scala. McTigue ni wọ́n fún. Ẹni tó bá ní Siki kò gbọ́n tó láti lọ bá ọmọ Írẹ́lándì jà ní Dublin ní ọjọ́ àjọ̀dún wọn, kó rántí pé ìlẹ̀kùn London ti tì. Ọ̀nà kan ló ṣí, ọ̀nà náà ló sì tọ̀. McTigue ní tirẹ̀ ti fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ Amẹ́ríkà láti kọ́ iṣẹ́ náà, ọ̀nà tí àwọn ará Írẹ́lándì ti ń rìn láti ayé ìyàn ńlá tó jà nílẹ̀ wọn. Bẹ́líìtì tó gbà ní Dublin wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di 1925.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sí Ìlàjẹ pẹ̀lú ohun tí a ti rí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín etí òkun Accra àti etí òkun Màhìn àti Ugbó kò sí lára àwọn apẹja wọn. Accra di olú-ìlú Gold Coast ní 1877. Ìgbì ibẹ̀ le, ọkọ̀ ńlá kì í lè súnmọ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Gã a máa fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù àti èrò wọlé, ìlú sì kún fún ọ́fíìsì, ilé ìwé, sójà àti atukọ̀ òkun, àwọn ènìyàn tó mú ìbọ̀wọ́ àti òfin ẹ̀ṣẹ́ òyìnbó wá. Lóòótọ́, àwọn Gã ti ní asafo atwele, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àdúgbò sí àdúgbò, kí èyí tó dé. Ẹnìkan lè ní àṣà yẹn gan-an ló fa ìyàtọ̀. Mo gbà pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá náà ní ìjàkadì, ó ní ẹkẹ, ó ní gídígbò, àwọn eré tí ọ̀dọ́kùnrin fi ń wọn ara wọn wò lójú gbogbo ìlú, èyíkéyìí nínú wọn kò sì di iṣẹ́ tí ń gbé ènìyàn lọ Paris. Àṣà nìkan kì í wọkọ̀ òkun.

Etí òkun Ìlàjẹ, láti ìlà oòrùn Aráròmí lọ, ẹrẹ̀ ni kì í ṣe iyanrìn, ẹrẹ̀ náà sì máa ń rọ ìgbì lójú. Ìyẹn jẹ́ kí oníṣòwò òyìnbó fi ojú sí i nígbà kan. Ní 1885, ilé iṣẹ́ Gaiser ti Jámánì bá Amapetu, ọba Màhìn, ṣe àdéhùn lórí etí òkun náà, wọ́n fẹ́ ibi tí ọjà yóò ti máa gbà wọlé láìkọjá lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà, Jámánì yọwọ́, etí òkun náà sì bọ́ sábẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, Èkó ni wọ́n ń gbẹ́ ẹnu òkun rẹ̀, Èkó ni wọ́n mọ ògiri òkúta sínú omi fún láti 1908 kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Èmi kò sọ pé bí Jámánì bá dúró ni Màhìn ì bá di Liverpool. Ẹrẹ̀ tó rọ ìgbì lójú kò gbé ìpìlẹ̀ èbúté ńlá ní ìrọ̀rùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tí ọkọ̀ kò bá gúnlẹ̀ sí, ohun tí ọkọ̀ ń gbé kì í sọ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Ìlàjẹ fúnra wọn mọ èyí, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn dáhùn: wọ́n tẹ̀dó sí etí ọ̀sà Èkó, títí tí orúkọ Ìlàjẹ fi di orúkọ àdúgbò ní Bàrígà àti ní Ajégúnlẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé ó ku ohun kan nínú àwọn ènìyàn yìí, Ayétòrò ni kó lọ wò nínú ìtàn. Ní January 1947, àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí dá ìlú kan sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀ létí òkun, wọ́n da owó àti iṣẹ́ pọ̀ sójú kan. Láàárín ọdún díẹ̀ wọ́n ní iná mànàmáná tiwọn, wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, àfárá pákó sì ń gbé wọn láti ilé dé ilé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Apá àwọn apẹja náà ni, ẹrẹ̀ kan náà ni. Ètò ló dé tó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Wọn kò yan ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n yàn án, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé ibi tí wọ́n bá gbé ọ̀nà kalẹ̀ sí, apá á tẹ̀lé e.

Àtakò kan ṣì kù tó yẹ kí n dáhùn. Dick Tiger kì í ṣe ọmọ etí òkun. Amaigbo ni ìlú rẹ̀, nínú igbó ilẹ̀ Ìgbò, ó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé ní ìwọ̀n méjì. Ṣé òun kò fi hàn pé akínkanjú á la ọ̀nà tirẹ̀? Ẹ tẹ̀lé e. Ó fi abúlé sílẹ̀ lọ Aba, ìlú ọjà àti rélùwéè, ó ń ta ìgò níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn pàdé. Ní 1955 ó wọkọ̀ lọ Liverpool bíi Bassey, ọ̀pọ̀ ìjà àkọ́kọ́ níbẹ̀ ló sì pàdánù. Ó gba bẹ́líìtì àgbáyé ní San Francisco ní October 1962, lọ́wọ́ Gene Fullmer. Nígbà tó di 10 August 1963, ọ̀nà yí padà: Fullmer ló wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Ìbàdàn, sí pápá ìṣeré Liberty tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti kọ́ ní 1960, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn ráùndì keje. Ìjà bẹ́líìtì àgbáyé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìyẹn. Lábẹ́ ìjọba kan náà ni Ìlàjẹ wà nígbà yẹn, nínú Ẹ̀ka Òkìtìpupa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wá wòran láti Ugbó ní láti kọ́kọ́ tukọ̀ dé ibi tí títì ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀rí tí mo kó jọ, èyí ló tẹ̀ mí lọ́kàn jù: ní ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí Bassey lọ bá Kelly ní Belfast, owó ìjọba kan, pápá ìṣeré kan àti ọkọ̀ òfuurufú ti tó láti mú kí ará Amẹ́ríkà wá bá ọmọ Nàìjíríà nílé rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé bí ọ̀nà yìí kò bá dé Ìlàjẹ, àánú Ọlọ́run ni, wọ́n sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ní 14 June 1982, Barry McGuigan, ọmọ Clones ní Írẹ́lándì, tóun náà jẹ́ featherweight, bá ọmọ Nàìjíríà kan tí orúkọ ìjà rẹ̀ ń jẹ́ Young Ali jà ní London, ní òtẹ́ẹ̀lì kan níbi tí àwọn tó ń wòran ti jẹun alẹ́ tán nínú aṣọ ayẹyẹ. Ní ráùndì kẹfà, Young Ali ṣubú. Kò tún la ojú mọ́. Kí ọdún náà tó parí ó ti kú. McGuigan fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó gba bẹ́líìtì àgbáyé lọ́wọ́ Eusebio Pedroza ní June 1985, omi lójú ló fi ya ìṣẹ́gun náà sọ́tọ̀ fún olóògbé. N kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò gba oró èyí kúrò, n kò sì ní fi bẹ́líìtì ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀nà kan náà ṣe rí fún àwọn méjèèjì. McGuigan ní bàbá tó ń kọrin fún èrò kó tó jà, ó ní King's Hall tí àwọn Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì ń kún pọ̀ nítorí rẹ̀ nígbà tí ìbọn ń dún ní ìgboro, ó ní àwọn tó ń yan ẹni tí yóò bá a jà fún un pẹ̀lú ìṣọ́ra. Young Ali ni ẹni tí wọ́n yàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ló rin ọ̀nà náà ní ipò yẹn láti ayé Siki wá: àlejò tí ilé kún fún èrò ẹlòmíràn.

Ewu náà pàápàá, ètò ló ń pinnu bí yóò ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí Michael Watson, akànṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣubú ní London ní September 1991, kò sí ohun èlò tó yẹ láti ràn án lọ́wọ́ kó máa mí ní ẹ̀gbẹ́ ojú ìjà, àkókò sì ṣòfò kó tó dé ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Watson yè, ó pe àwọn alákòóso ẹ̀ṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́, ó sì borí wọn. Ìtọ́jú ẹ̀gbẹ́ ojú ìjà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dìde lónìí tó ní òun fẹ́ dá jíìmù sílẹ̀ ní Ìgbọ́kọ̀dá nílẹ̀ Ìlàjẹ, tí yóò máa kó àwọn ọmọkùnrin láti Àhẹ́rì, Ugbó, Màhìn àti Etíkàn jọ, apá wọn kọ́ ni yóò jẹ mí lógún. Èmi yóò bi í léèrè dókítà tí yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìjà, àti wákàtí tí ọkọ̀ yóò fi gbé ọmọ tó bá ṣubú láti orí omi dé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún un.